Kẹ̀kẹ́ Òkè Tó Fúyẹ́: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Tò Ó

Lórí òkè Galbraith, lẹ́yìn ìlú Bellingham ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n là sínú igbó gùn ju 60 máìlì lọ bí a bá so gbogbo wọn pọ̀. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ládùúgbò náà fúnra wọn, lábẹ́ ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Whatcom Mountain Bike Coalition, ló ń tún wọn ṣe. Ẹni tó bá lo òwúrọ̀ kan níbẹ̀ yóò tètè mọ̀ pé gígòkè ló ń jẹ àkókò. Ìsọ̀kalẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń ròyìn kì í pẹ́ tí á fi tán. Síbẹ̀, tó bá di ọjọ́ tí èèyàn fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, ìsọ̀kalẹ̀ nìkan ló máa ń wà lọ́kàn rẹ̀. Á ra èyí tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ gùn, tí táyà rẹ̀ nípọn, tó wọn kílò 15, á wá máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti ẹrù yẹn gòkè ní gbogbo Sátidé.

Kẹ̀kẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ lónìí wà fún ẹni tó fẹ́ràn gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ bákan náà. Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kì í wọlé ju nǹkan bíi mìlímítà 120 lọ níwájú àti lẹ́yìn, táyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 29, gbogbo ara rẹ̀ sì máa ń wọn láàárín kílò 11 sí 13. Ilé iṣẹ́ Transition, tó wà ní Bellingham gan-an, gbé irú rẹ̀ kan tí wọ́n pè ní Spur jáde ní 2020. Òun ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó fi ohun tí irú kẹ̀kẹ́ yìí jẹ́ hàn kedere. Santa Cruz náà ní Blur TR, Specialized ní Epic Evo, Trek ní Top Fuel, Rocky Mountain ti Kánádà sì ní Element.

Kẹ̀kẹ́ òkè kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì rárá. Ní àárín àwọn ọdún 1970, lórí òkè Tamalpais ní Marin County, California, kẹ̀kẹ́ irin àtijọ́ onítáyà ńlá ni àwọn ọ̀dọ́ ń gùn sọ̀kalẹ̀, kí Joe Breeze tó kọ́ férémù kan fún iṣẹ́ náà ní 1977. Nígbà tí ìdíje kẹ̀kẹ́ òkè fi wọ Òlíḿpíìkì ní Atlanta ní 1996, kẹ̀kẹ́ ìdíje ti ń lọ lọ́nà tirẹ̀. Fífúyẹ́ ni wọ́n ń wá. Ọrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìjókòó rẹ̀ ga, ẹni tó ń gùn ún sì máa ń tẹ̀ síwájú bí ẹni fẹ́ bọ́ sórí táyà iwájú. Kẹ̀kẹ́ ti àwọn tó ń ṣeré nínú igbó ń gùn sí i, ó ń lágbára sí i, ó sì ń wúwo sí i, títí ṣọ́ọ̀kì mìlímítà 150 fi di ohun tí ojú mọ́. Láàárín méjèèjì ni àyè ṣí sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Kona fi Process 111 wá síbẹ̀ ní 2014, ilé iṣẹ́ Evil gbé Following tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ká rí i pé ìwọ̀n tí ṣọ́ọ̀kì lè wọlé kọ́ ló ń sọ bóyá kẹ̀kẹ́ yóò fi ọkàn ẹni balẹ̀ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí wọ́n ṣe ya férémù ló ń sọ ọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ ẹni tó bá fẹ́ rà á pé kó má tíì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Igun ọrùn ni kó kọ́kọ́ wò. Lára kẹ̀kẹ́ ìdíje ìgbà tí Process 111 jáde, igun yìí máa ń tó dígírì 69 tàbí 70. Ti Spur jẹ́ 66. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni fọ́ọ̀kì ṣe ń nà síwájú, tí táyà iwájú sì ń jìnnà sí ẹsẹ̀ ẹni tó wà lórí rẹ̀. Bí táyà bẹ́ẹ̀ bá kọlu gbòǹgbò igi lórí ìdàgẹ̀rẹ́, kì í tètè fẹ́ dojú délẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó wo òpó ìjókòó. Lára àwọn kẹ̀kẹ́ tuntun yìí, ó dúró ṣánṣán ju ti àtijọ́ lọ, ní nǹkan bíi dígírì 76, èyí tó ń mú kí ìdí èèyàn wà lókè pẹ́dà gan-an, kí táyà iwájú má baà máa gbéra nílẹ̀ bí òkè bá le. Férémù náà gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀pá tó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ọrùn sì kúrú, mìlímítà 40 tàbí 50 péré. Ẹni tó ga ní ìwọ̀nba lè bá ara rẹ̀ láàárín sáìsì méjì. Kó gun méjèèjì fún ìgbà díẹ̀ kó tó sanwó, nítorí pé kò sí ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ kankan tó lè tún férémù tí kò bá ara ẹni mu ṣe.

Ọgbọ́n kan tó dùn mọ́ mi wà lẹ́yìn Spur. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ oníṣọ́ọ̀kì, ìdè oníbẹ́árínì máa ń wà nítòsí táyà ẹ̀yìn kí òpó òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè máa yí bí ṣọ́ọ̀kì bá ń wọlé. Lára èyí, wọ́n yọ ìdè náà kúrò, wọ́n sì ṣe òpó kábọ̀n òkè lọ́nà tí yóò fi máa rọ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́árínì dín kù, nọ́ọ̀tì dín kù, ìwúwo sì dín kù pẹ̀lú wọn. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ṣọ́ọ̀kì yìí kúrú: kábọ̀n kò ní láti rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá dán irú rẹ̀ wò lára kẹ̀kẹ́ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ń wọlé ní mìlímítà 160 ń bèèrè ohun tó ju agbára òpó náà lọ.

Kábọ̀n wọ́n, àlùmíníọ̀mù sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ìwúwo díẹ̀ sí i. N kò rí ohun tó burú nínú férémù àlùmíníọ̀mù tí igun rẹ̀ dára. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni férémù kábọ̀n àlòkù tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò dáadáa. Ẹ fọ ọ́ mọ́ kí ẹ tó wò ó. Ẹ gbé e síta nínú oòrùn, ẹ wá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí ibi tí pẹ́dà gbà kọjá, ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti so mọ́ férémù, àti abẹ́ òpó ìsàlẹ̀ tí òkúta máa ń ta bá. Ẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Bí ó bá ń mì pẹ̀kẹ̀pẹ̀kẹ̀, bẹ́árínì ti kú, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kúrò nínú iye tí wọ́n pè. Kí ẹ tún bi ẹni tó ń tà á ní ìwọ̀n ihò àsẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn, ìwọ̀n òpó ìjókòó àti irú bẹ́árínì tó wà níbi pẹ́dà. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ òkè tòde òní ń lo họ́ọ̀bù ẹ̀yìn mìlímítà 148 àti ti iwájú mìlímítà 110. Rímù tó dára jù láyé kò wúlò fún yín bí họ́ọ̀bù rẹ̀ kò bá wọlé.

Bí férémù bá ti dé ilé, ìgbà yẹn ni ìdẹwò dé. Ìwé owó máa ń gùn, èèyàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka gírámù. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan kí a tó náwó. Ká ní ẹnì kan wọn kílò 78, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì wọn kílò 12. Kílò 90 ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tì gòkè. Bí ó bá náwó títí tó fi yọ odindi kílò kan kúrò lára kẹ̀kẹ́ náà, ìdá kan nínú 90 ló yọ. Lórí òkè tó le, tó sì máa ń gbà á ní wákàtí kan, kò lè fi ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40 tètè dé òkè lọ. Gbogbo owó yẹn, fún ìṣẹ́jú kan tí kò pé! Ẹni tó ń díje lè san án tayọ̀tayọ̀. Àwa yòókù gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a ń rà.

Kí wá ni a ń rà? Ìmọ̀lára ni, ó sì jẹ́ òótọ́. Kẹ̀kẹ́ tó fúyẹ́ máa ń tètè gbéra bí èèyàn bá fẹ́ fò kọjá gbòǹgbò. Ó máa ń tètè yípadà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, kì í sì í rẹ apá lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Ibi tí ìwúwo wà ṣe pàtàkì nínú èyí ju iye rẹ̀ lọ. Gírámù tó wà létí rímù ń sáré síwájú pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, ó sì tún ń yí po. Láti mú un kúrò lójú kan dé eré kan, agbára tó ń gbà jẹ́ ìlọ́po méjì ti gírámù tó wà lára férémù. Bí a bá ń gòkè níwọ̀ntúnwọ̀nsì, láìsí ìdádúró, ìyàtọ̀ yìí kò sí mọ́: gírámù jẹ́ gírámù níbikíbi tó bá wà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà inú igbó kì í jẹ́ kí èèyàn lọ níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Kọ́nà kan, ìdádúró, ìtẹ̀síwájú, kọ́nà mìíràn. Níbẹ̀ ni rímù àti táyà tó fúyẹ́ ti ń sanwó orí wọn padà.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ táyà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí ìwúwo rẹ̀ nìkan. Táyà tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀, tí eyín rẹ̀ ga, máa ń di ilẹ̀ mú, ó sì máa ń fa èèyàn sẹ́yìn ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí. Ohun tí èèyàn ń jèrè lórí òkè bí ó bá pààrọ̀ táyà ìsọ̀kalẹ̀ tó wúwo fún èyí tó ń sáré ju ohun tí yóò jèrè nínú yíyọ odindi kílò kan lára férémù lọ. Fún kẹ̀kẹ́ yìí, èyí tó fẹ̀ ní ínṣì 2.4, tó wọn láàárín gírámù 750 sí 900, ló yẹ. Maxxis Rekon jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀. Kí ti iwájú máa di ilẹ̀ mú ju ti ẹ̀yìn lọ, torí pé bí táyà ẹ̀yìn bá yọ̀, èèyàn á tún ara ṣe. Bí ti iwájú bá yọ̀, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀. Ẹ má sì ra èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi ti ìdíje. Gírámù 150 tí ẹ rò pé ẹ jèrè yóò di ìrìn ẹsẹ̀ padà sílé lọ́jọ́ tí òkúta bá là á.

Kí táyà náà jẹ́ tíúbúlẹ́ẹ̀sì. Tíúbù á kúrò, omi rọ́bà á wọlé, ẹ̀gún tó bá gún un á sì dí fúnra rẹ̀ kí ẹni tó ń gùn ún tó mọ̀. Ìwúwo dín kù, èèyàn sì tún lè fi afẹ́fẹ́ díẹ̀ gùn ún láìbẹ̀rù kí rímù pa tíúbù. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, láàárín 20 sí 25 psi ló máa ń bọ́ sí, kí ti ẹ̀yìn fi díẹ̀ ju ti iwájú lọ. Omi rọ́bà máa ń gbẹ láàárín oṣù mélòó kan, pàápàá níbi tí oòrùn bá mú. Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò á rò pé ààbò ṣì wà nígbà tí ohun tó kù nínú táyà kò ju èèpá rọ́bà gbígbẹ lọ. Rímù àlùmíníọ̀mù dáadáa pẹ̀lú họ́ọ̀bù méjèèjì máa ń wọn nǹkan bíi gírámù 1,700 sí 1,900. Ti kábọ̀n lè lọ sí 1,400 tàbí 1,500. Bí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo tó wọ́n lára kẹ̀kẹ́ yìí, rímù ni kí ẹ ná an lé.

Fọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ba kẹ̀kẹ́ rere jẹ́. Ilé iṣẹ́ RockShox sọ òpó fọ́ọ̀kì SID rẹ̀ di mìlímítà 35 ní 2020, fọ́ọ̀kì tó wọn nǹkan bíi gírámù 1,500 sì di èyí tó lágbára tó láti sọ̀ lórí àpáta. Fox 34 Step-Cast wà ní ipò kan náà. Ẹnì kan á wá wo kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, á sọ pé bí òun bá fi Fox 36 tó wọn nǹkan bíi kílò méjì sí i, tí òun sì fi gígùn rẹ̀ lé dé mìlímítà 140, kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí fọ́ọ̀kì bá fi mìlímítà 10 gùn sí i, ọrùn á fi nǹkan bí ìdajì dígírì tẹ̀ sẹ́yìn, ibi pẹ́dà á ga sókè, òpó ìjókòó tó dúró ṣánṣán á sì tún máa tẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì wà ní 120. Iwájú á máa pe èèyàn sínú ìjà tí ẹ̀yìn kò lè bá a jà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ̀kẹ́ mìlímítà 140, kó rà á. Ilé iṣẹ́ férémù máa ń kọ gígùn fọ́ọ̀kì tó pọ̀ jù tí wọ́n fọwọ́ sí. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ ti fi ẹ̀tọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Gíà kò gba àròjinlẹ̀ púpọ̀ mọ́. Gíà iwájú kan, gíà ẹ̀yìn 12, èyí tó kéré jù ní eyín 10, èyí tó tóbi jù ní 50 tàbí 51. SRAM Eagle ló mú un wá ní 2016, Shimano sì tẹ̀ lé e ní 2018. Eyín 30 tàbí 32 níwájú tó fún ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀. Ibi tí owó ti ń sọnù ni àkójọ gíà ẹ̀yìn: SLX ti Shimano wọn nǹkan bíi gírámù 530, XT wọn 470, XTR wọn 370, owó rẹ̀ sì ń di ìlọ́po bí ìwúwo ṣe ń dín kù. Gíà ẹ̀yìn máa ń jẹ tán, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ní tèmi, ohun tí ọwọ́ fi ń yí gíà ni kó jẹ́ XT, torí pé ọwọ́ máa ń mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kí apá tó ń gbé ṣéènì lẹ́yìn, tí òkúta máa ń lù, jẹ́ SLX tí kò ní dun èèyàn jù bí ó bá ṣẹ́.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Àwọn ohun kan wà tí kò yẹ kí a gé gírámù lára wọn. Búréèkì ni àkọ́kọ́. Àwo búréèkì mìlímítà 180 níwájú, àti búréèkì onípísítìn mẹ́rin níbẹ̀ bí ara ẹni bá wúwo, fi ìwọ̀nba gírámù kún un, ó sì jẹ́ kí èèyàn lè fi ìka kan dúró lórí ìdàgẹ̀rẹ́ tó gùn. Òpó ìjókòó tó ń lọ sílẹ̀ tó sì ń padà sókè ni èkejì. Ó fi nǹkan bíi gírámù 300 wúwo ju òpó lásán lọ, àwọn kan sì ń yọ ọ́ kúrò kí nọ́ńbà orí òṣùwọ̀n lè dùn ún wò. Mo kórìíra àṣà yẹn. Ìjókòó tó lọ sílẹ̀ ló ń fún ara láyè láti rìn lórí kẹ̀kẹ́ tí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kúrú; ẹsẹ̀ àti apá ẹni ni ìyókù ṣọ́ọ̀kì náà. Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Kábọ̀n tí kò lórúkọ, tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lè ṣẹ́ láìkìlọ̀, eyín àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló sì ń sanwó rẹ̀. Keith Bontrager, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ ń ṣe férémù kẹ̀kẹ́ òkè ní California, ni wọ́n máa ń sọ pé ó sọ ọ́: nínú agbára, fífúyẹ́ àti owó pọ́ọ́kú, méjì péré lèèyàn lè mú.

Títò rẹ̀ pọ̀ kò le bí èèyàn bá ní sùúrù. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó fún wíwọn àwọn ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wọ ara férémù, nítorí pé ìwúwo tí ilé iṣẹ́ kọ sára páálí kì í sábà bá ti òṣùwọ̀n mu. Sípánà tó ń sọ bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó jẹ́ dandan. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì tó di kábọ̀n mú kò fẹ́ ju nǹkan bíi 5 Nm lọ, iye rẹ̀ sì sábà máa ń wà lára ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀. Ibi tí kábọ̀n ti wọ inú kábọ̀n, ọ̀dà oníyanrìn tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ lò, kì í ṣe gírísì.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró ni iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò. Ẹ wọ aṣọ àti bàtà tí ẹ fi ń gùn ún, ẹ gbé omi yín dání, ẹ jókòó sórí rẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ẹ wo ibi tí òrùka rọ́bà ara ṣọ́ọ̀kì dúró sí. Bí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn bá lè wọlé ní mìlímítà 45, ó yẹ kó rì tó 11 sí 13. Ti iwájú lè jẹ́ ìdá márùn-ún gígùn rẹ̀. Bí ó bá rì jù, ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un. Bí ó bá rì dáadáa ṣùgbọ́n tó ń kanlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fò, ẹ má fi afẹ́fẹ́ kún un. Ẹ fi ike kékeré tí wọ́n ṣe fún un dí díẹ̀ nínú àyè afẹ́fẹ́ rẹ̀, kó lè máa le sí i bó ṣe ń sún mọ́ òpin. Lára kẹ̀kẹ́ mìlímítà 120, àṣìṣe kékeré máa ń hàn, torí pé kò sí mìlímítà tó ṣẹ́ kù láti fi bò ó.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó láti to tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó ra odindi kẹ̀kẹ́ tí férémù rẹ̀ bá a mu, kódà bí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò tíì dára tó. Kó pààrọ̀ táyà lóṣù àkọ́kọ́, kó gun ìyókù títí tí yóò fi jẹ, kó wá máa fi èyí tó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó sì ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ kó tó ya ti rímù kábọ̀n sọ́tọ̀: RockShox ní kí a tú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 50 tí a bá ti gùn ún. Fún ẹni tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, oṣù mélòó kan péré nìyẹn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún sílẹ̀.